Ẹ̀sùn Mẹ́fà Lórí Páànù Méjì

Àwa méje ni olùjẹ́jọ́: dairẹ́kítọ̀ wa, oníkámẹ́rà, obìnrin tó kọ ìtàn, ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn méjì tó ń ru iná kiri, àti èmi tí mo gbé búùmù, tí mo fi hẹ́dìfóònù bo etí fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Kò sẹ́ni tó pè wá lẹ́jọ́. Èmi ni mo ń pe ara mi, mo sì ń wọ́ àwọn mẹ́fà yòókù mọ́ra, nítorí ọ̀dọ̀ mi ni ohùn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ wà.

Òde-Ayé ló ti ṣẹlẹ̀, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa. Fíìmù kékeré oníṣẹ́jú mẹ́tàlá la lọ yà, èyí tí a ó fi gba máàkì ìparí ẹ̀kọ́, lórí obìnrin kan tó ń ṣe púpurú. Èkó la ti gbéra. Ní Ọ̀rẹ̀ la ti yà kúrò lójú títì Benin, a sì ti ń pa ẹ̀rín ká tó dé Òkìtìpupa, torí ó dá wa lójú pé iṣẹ́ náà ti dára kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀sùn kìíní: a wọ̀lú láìkí onílùú. Òde-Ayé ní ọba, Hálú ni oyè rẹ̀. Ọjọ́ kejì la tó rántí, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá ọ̀kadà rẹ̀ dúró, tó gbójú sókè wo dúróònù wa, tó ní, “Ta lẹ sọ fún?” Lẹ́tà iléèwé la nà sí i. Ó kà á délẹ̀, ó dá a padà, ó ní òun ò rí orúkọ ìlú àwọn níbẹ̀. Òótọ́ ló sọ. “Ibi tó bá yẹ” ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà náà.

Ẹ̀sùn kejì: a fi obìnrin tó lọ́kọ ṣe opó. Láti Èkó la ti kọ ọ́ pé ọkọ ti kú, àwọn ọmọ ti gbàgbé ìyá wọn, òun nìkan ló kù nídìí iná. A dé ilé Màámi, obìnrin tí a fẹ́ yà náà, bàbá, ọkọ rẹ̀, jókòó sórí àga onírọ́bà níwájú ilé, ó ń ká bébà há ìdí bátìrì rédíò rẹ̀. Obìnrin tó kọ ìtàn wò ó, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó tún wò ó. Bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀ o! Bó bá fa ìlà méjì, bàbá ì bá yè. Ṣùgbọ́n ohun tí a ṣe ni pé a dọ̀bálẹ̀, a ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa sún sẹ́yìn díẹ̀.” Bàbá gbé àga, ó sún sẹ́yìn. Ojú fèrèsé ṣì ń fi í hàn, a tún ní kó sún. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹ̀yìnkùlé ló wà lọ́dọ̀ àwọn adìyẹ, òun àti rédíò rẹ̀ tí a ti bẹ̀ ẹ́ pé kó pa.

Ẹ̀sùn kẹta ni ti páànù, òun ló sì wúwo jù.

Ẹni tí kò bá mọ púpurú, kó jẹ́ n sọ ọ́. Wọ́n á bẹ ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan títí á fi rọ̀, wọ́n á ṣa okùn inú rẹ̀ dànù, wọ́n á kó o sápò, wọ́n á gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ ro. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá mọ ọ́n rìbìtì bíi bọ́ọ̀lù, wọ́n á tò ó sórí àjà tó wà lókè iná. Èéfín ló kù tí yóò ṣiṣẹ́. Ara rẹ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò, inú á gbẹ, á funfun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ha dúdú ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á gún un, wọ́n á jọ̀ ọ́, á wá di ohun tí a lè rò nínú omi gbígbóná. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni, bí ojú ọjọ́ bá gbà fún un. Ọjọ́ mẹ́ta la ní.

Ilé ìdáná Màámi ṣókùnkùn, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, kí èéfín má baà sá lọ. Oníkámẹ́rà ní òun ò rí nǹkan kan. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀pọ̀ ìlú ní apá gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó ti fi wà láìrí iná mànàmáná, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ tí a háyà ló ń tan iná wa. Jẹnẹrétọ̀ náà ń pariwo, mo sì ké gbàjarè pé ohùn mi ti bàjẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe di ọ̀ràn yìí lé dairẹ́kítọ̀ nìkan lórí. Èmi ni mo ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí iná kú, òun ní, “Ẹ ṣí òrùlé.” Páànù méjì ni wọ́n ṣí. Oòrùn wọlé, ó dá bí ọ̀pá gba inú èéfín kọjá, gbogbo wa pariwo ayọ̀. Kí n má purọ́, ó rẹwà.

Màámi béèrè pé, “Ṣé ẹ máa kàn án padà?”

“Lálẹ́ yìí ni, Mà.”

Ìṣó ti wọ́. Ilẹ̀ ti ṣú. Dẹ́rẹ́bà ti ń fọn fèrè. Hòtẹ́ẹ̀lì la sùn sí ní Òkìtìpupa, òjò sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òru ti jìn. Mo gbọ́ ọ. Èmi tí etí mi ń gbọ́ ẹsẹ̀ èèrà, mo gbọ́ òjò lórí òrùlé hòtẹ́ẹ̀lì, mo mọ ibòmíràn tó ń rọ̀ sí, mo fi aṣọ borí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo púpurú tó wà lábẹ́ ihò náà ti yọ́ bí ẹ̀kọ tó bàjẹ́, èérú ti di ẹrẹ̀. Màámi kò bú wa. Ó ní, “Òjò rọ̀,” ó gbé agbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o. Dairẹ́kítọ̀ rọra fọwọ́ kan oníkámẹ́rà léjìká. Oníkámẹ́rà ya á. Ibẹ̀ gan-an ni olùkọ́ wa yìn jù nínú fíìmù náà.

Kì í kúkú ṣe pé a ò mọ̀. Wọ́n ti fi Nanook of the North hàn wá nínú kíláàsì, fíìmù tí Robert Flaherty gbé jáde ní 1922 lórí àwọn Inuit ilẹ̀ Kánádà. Ilé yìnyín wọn kéré, ó sì ṣókùnkùn fún kámẹ́rà, ni wọ́n bá kọ́ ọ̀kan tó dá sí méjì, tí ìdajì rẹ̀ ṣí sílẹ̀, àwọn èèyàn náà sì ń ṣe bí ẹni tó ń sùn níbẹ̀ nínú òtútù. Orúkọ ọkùnrin tí fíìmù náà dá lé lórí kì í tilẹ̀ ṣe Nanook. Allakariallak ló ń jẹ́. A fi Flaherty ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì lọ́jọ́ náà títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá. Hubert Ogunde, àgbà eléré orí ìtàgé àti fíìmù Yorùbá, ní tiẹ̀, Òsósà ìlú rẹ̀ ló kọ́ abúlé fíìmù rẹ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ tú òrùlé, kó tú tiẹ̀.

Ẹ̀sùn kẹrin: a gba ẹnu Màámi lẹ́nu rẹ̀. Ìkálẹ̀ ló fi ń bá iná sọ̀rọ̀, ló fi ń bá ẹ̀gẹ́ wí. Ohùn “gh” wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí Yorùbá inú ìwé ti sọ nù, tó ń jáde láti ọ̀nà ọ̀fun bí ẹni ń fa omi láti inú kànga tó jìn. Ó dùn lórí hẹ́dìfóònù débi pé mo gbàgbé láti wo ìwọ̀n ohùn. A ní kó sọ ọ́ ní “Yorùbá tó dáa”. Ó gbìyànjú. Ó nàró, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń kà á bí ọmọ iléèwé níwájú ìgbìmọ̀. Nígbà tí a padà sÉkòó, ọmọbìnrin kan láti Ìbàdàn ló wá sọ ọ́ dípò rẹ̀. Ìyẹn ni ohùn tó wà nínú fíìmù.

Ẹ̀sùn karùn-ún: owó. Dúróònù tó fò fún ogún ìṣẹ́jú gba ìlọ́po mẹ́rin ohun tí a fún Màámi fún ọjọ́ mẹ́ta. A fi páálí indomie kan kún un, a sì ya fọ́tò páálí náà.

Ẹ̀sùn kẹfà: Màámi béèrè ìgbà tí a ó gbé fíìmù náà wá kí òun náà wò ó. A ní ó di oṣù kejì. Èyí ti di ọdún kẹta. A ti fi í hàn nínú gbọ̀ngàn iléèwé, a gba A, àwọn òbí wa pàtẹ́wọ́.

Mo ṣì ní gbogbo ohùn tí mo gbà. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí n kò pa nígbà tí dairẹ́kítọ̀ ké “Cut!” ní ọjọ́ kẹta. Ẹsẹ̀ ń rìn kiri, àpótí ń pa dé, ẹnì kan ń béèrè ṣájà. Lẹ́yìn náà ni ohùn bàbá wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó jìnnà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ́ kedere: “Ṣé wọ́n ti yà á tán? Ṣé kí n máa bọ̀?”

Mo ti gbọ́ ọ títí dé òpin. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.