Eyín Kọ́, Omi Ni

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Síbẹ̀, bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń da ọmọ wẹ́wẹ́ láàmú, omi gan-an ni àwọn ìyá kan kọ́kọ́ ń fi dù ú. Wọ́n á ní, 'Ohun tó bá mu náà ni yóò tún dà jáde.' Àwọn mìíràn á ní, 'Ẹ má dààmú, eyín ló fẹ́ hù.' Wọ́n á wá máa retí eyín títí àwùjẹ̀ ọmọ yóò fi wọlé, tí ojú rẹ̀ yóò jìn, tí yóò máa sunkún láìsí omijé.

Èrò tiwa ni pé eyín kì í pa ọmọ. Omi àti iyọ̀ tó ń dà jáde lára rẹ̀ ló ń pa á.

A kò sọ pé àwọn ìyá wa kò mọ nǹkan kan o. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, láti 1985 sí 1992, wọ́n polongo omi oníyọ̀ òun ṣúgà káàkiri ilẹ̀ yìí. Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì. Ìwọ̀n rẹ̀ ló ń sọnù. Òmíràn á kàn bu iyọ̀ bí ẹni ń se ọbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ iyọ̀ àpọ̀jù léwu fún ọmọdé, ṣúgà àpọ̀jù sì ń dá kún ìgbẹ́ náà.

Ìwọ̀n náà rèé: omi mímọ́ lítà kan, ìyẹn píọ̀ wọ́tà 50cl méjì, ṣúgà ṣíbí ìpotíì mẹ́fà tí a ré orí rẹ̀ dọ́gba, iyọ̀ ìdajì ṣíbí náà. Ṣúgà ló ń ran ìfun lọ́wọ́ láti fa iyọ̀ àti omi wọ ara. Kí a máa fún ọmọ mu díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ọmú àti oúnjẹ má sì dúró. Bí ORS inú ọ̀rá bá wà, òun ló dára jù, pẹ̀lú síńkì fún ọjọ́ 10 sí 14, gẹ́gẹ́ bí WHO àti UNICEF ti là á sílẹ̀ ní 2004. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ọmọ kò lè mu nǹkan mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nìkan. Bí a bá lọ sílé fún ìsinmi, kí a má kàn fi gírámà yangàn fún àwọn ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ jẹ́ ká mú ṣíbí, ká po ó lójú wọn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Àwọn ló gbé ọmọ pọ̀n, àwa la kàwé. Kí ọmọ má ṣe bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ láàárín méjì.