Ìtìjú Ló Ń Bá Wa Sin Ìdun

Ní táàmù tó kọjá, ìdun kan rìn jáde láti ọrùn yúnífọ́ọ̀mù ọmọ kíláàsì wa kan nígbà tí a ń ṣe ìṣirò lọ́wọ́. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ pariwo, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Kí agogo oúnjẹ tó lù, wọ́n ti fún un lórúkọ tuntun. Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi wá sílé ìwé. Èmi náà wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń dùn mí dòní nìyẹn, nítorí pé lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, èmi àti àbúrò mi ń fi tọ́ọ̀ṣì wá ìdun lábẹ́ fóòmù tiwa ni.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ mi kò gùn: kì í ṣe àìsí oògùn ló jẹ́ kí ìdun pọ̀ nílé wa, ìtìjú ni.

Ẹ wo ilé tí à ń gbé ní Kémta níbí. Ìdílé mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, yàrá kọjú sí yàrá. Gbogbo wa la ní ìdun, kò sì sẹ́ni tó sọ fún ẹnì kejì. Màámi á ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó gbọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ará yàrá kejì ń ra ọ̀tapíápíá ní ìkọ̀kọ̀. Tí wọ́n bá fín in lónìí, ìdun á gba ihò ògiri wá sọ́dọ̀ wa. Tí àwa náà bá fín tiwa lọ́la, á padà sọ́dọ̀ wọn. A wá ń gbá ìdun síra wa bíi bọ́ọ̀lù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yíwọ́ ni alẹ́ ọjọ́ tí àbúrò mi kékeré, ọmọ ọdún márùn-ún, lọ sùn sí yàrá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò sì lè mí dáadáa. Òru ọjọ́ náà la gbé e dé ọsibítù. Ọlọ́run ló yọ wá. Ìdun ńkọ́? Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi padà dé.

Oògùn tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀tapíápíá, dichlorvos ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ohun tó yẹ kí èèyàn máa fín sórí ibi tó ń sùn sí. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀, síbẹ̀ a ṣì ń rí i rà. Ìdun pàápàá ti mọ́ra pẹ̀lú oògùn. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, DDT ni wọ́n fi ń pa á káàkiri ayé, kò sì pẹ́ tí DDT kò fi ran ọ̀pọ̀ ìdun mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ oògùn òde òní ṣe ń rí.

Ìyá àgbà wa ló tú àṣírí nígbà ìsinmi. Wọ́n jókòó sí ojúde ní àárọ̀ Sátidé kan, wọ́n ní, “Ìdun wà ní yàrá mi o. Ta ni kò sí ní tirẹ̀?” Gbogbo ilé dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìyá kan rẹ́rìn-ín, ló bá ní, “Màmá, ó kún ọ̀dọ̀ mi.” Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a ṣe nìyí. A gbé ìkòkò ńlá kaná sẹ́yìnkùlé, gbogbo ilé sì jọ ń lò ó. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnì àti aṣọ tí a ń wọ̀ sùn, omi gbígbóná la fi fọ̀ wọ́n, a sì fi áyọ́ọ̀nù lọ ojú rírán wọn. Ooru tó bá ti ju 50°C lọ, tó sì wọ inú aṣọ dáadáa, ìdun àti ẹyin rẹ̀ kò lè yè é. A tú pákó bẹ́ẹ̀dì, a da omi híhó sí gbogbo oríkèé rẹ̀. A fi símẹ́ǹtì dí ihò ògiri. A sún bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri, a ki ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ agolo omi ọṣẹ, nítorí ìdun kò lè fò, kò sì lè tọ. Rírìn ló máa ń rìn. Ẹ kíyè sí oòrùn o: tí ẹ bá kàn sá fóòmù lásán, ìdun á sá lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tó tutù. Ẹ yí i padà léraléra, kí ẹ sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ojú rírán rẹ̀ sínú omi gbígbóná.

Ẹ má ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì sinmi. Ẹyin tó kù máa ń pa láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Sátidé márùn-ún tẹ̀ léra la fi ṣe é. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹ má sì sọ pé ẹ ó kó kúrò ní yàrá kí ebi lè pa á. Ìdun lè gbé oṣù mélòó kan láìjẹun.

Ẹnì kan á ní wàhálà yìí ti pọ̀ jù, pé igi àti gáàsì wọ́n. Òótọ́ ni. Ìdí tí mo fi ní kí gbogbo ilé jọ ṣe é nìyẹn. Ìkòkò kan fún ìdílé mẹ́fà kò wọ́n tó ìgò oògùn mẹ́fà lóṣooṣù, ká má tíì sọ owó ọsibítù. Ẹni tó bá dá ṣe é, aládùúgbò ni yóò tún fi ìdun ránṣẹ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ pé ọ̀bùn nìkan ló ní ìdun, irọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ ló ń jẹ, kì í jẹ ìdọ̀tí. Ní 2023, ìlú Paris ni wọ́n ti ń pariwo ìdun nínú sinimá àti nínú ọkọ̀ ojú irin. Àga tàbí fóòmù àlòkù tí a kò yẹ̀ wò, tàbí báàgì ìrìn àjò, lè gbé e wọlé ẹnikẹ́ni.

Mi ò ní búra pé ìdun ti tán nílé wa pátápátá, ṣùgbọ́n ó ti pé oṣù méjì tí ẹnikẹ́ni ti rí ojú ìjẹ lára. Mo ti lọ bẹ ọmọ kíláàsì wa yẹn. Orúkọ tí ẹ fún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é mọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ bá wa sọ ọ́ ní àsẹ́ńbílì Mọ́ńdè kan. Tí ẹnì kan bá rí ìdun lọ́rùn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó rọra gbọ̀n ọ́n dànù, kó sì bi í pé, “Ṣé kí n wá bá yín da omi gbígbóná ní Sátidé?”