Egungun Ọmọdé àti Oògùn Ọlọ́jọ́ Pípẹ́

Ìbéèrè kan wà tí ó ń da ọ̀pọ̀ òbí láàmú, pàápàá àwọn tí ọmọ wọn ní wárápá, tàbí àìsàn kíndìnrín tí ń mú ara wú, tí dókítà sì ti sọ fún wọn pé ọmọ náà yóò máa lo oògùn fún ọ̀pọ̀ oṣù tàbí ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ń béèrè pé, Oògùn tí ó ń ṣe ọmọ yìí lóore, ǹjẹ́ kì yóò ba egungun rẹ̀ jẹ́? Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ béèrè. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sì da oògùn náà nù ní ìkọ̀kọ̀. Ọ̀ràn yìí ni àwa fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí pé ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe asán, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe nítorí ìbẹ̀rù náà ni ó léwu jù.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí egungun ti ń gùn. Egungun itan ọmọdé kì í gùn láti àárín bí okùn tí a fà. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀ ni ó ti ń gùn, níbi tí ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ó rọ̀ bí etí wa tàbí ṣóńṣó imú wa. Ìpele yìí ni ó ń pèsè egungun titun, títí ọmọ yóò fi bàlágà, tí ìpele náà yóò di egungun líle, tí gígùn yóò sì parí. Nígbà tí Wilhelm Röntgen, ará Jámánì, rí ìtànṣán ẹ́síreè ní ọdún 1895, ó ya ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Egungun àti òrùka ni ó hàn gbangba. Egungun líle a máa dí ìtànṣán náà lọ́nà, a sì hàn ní funfun. Ìpele rírọ̀ kì í dí i tó bẹ́ẹ̀, a sì hàn bí ìlà dúdú nítòsí ìpẹ̀kun egungun. Kí ẹ fi ìlà dúdú yìí sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀ràn wárápá. Phenobarbital ti wà láti ọdún 1912, phenytoin sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1938. Oògùn méjèèjì ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ iná àti omi tí wárápá ìbá gbé wọn jù sí, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n wọn a máa mú kí ẹ̀dọ̀ tètè run fítámì D, èyí tí ara wa ń ti ipa oòrùn rí gbà, tí ó sì ń ràn wá lọ́wọ́ láti fa ohun tí ń mú egungun le jáde láti inú oúnjẹ. Ní ọdún 1968 ni Kruse kọ̀wé ní Jámánì nípa egungun àwọn tí ó ti lo irú oògùn wọ̀nyí pẹ́. Ní ọdún 1970 Dent àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọrùn ọwọ́ àti orúnkún ni a máa ń yà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni egungun ti ń yára gùn jù. Bí ara bá dá, ìpẹ̀kun egungun a tẹ́jú, etí rẹ̀ a sì mọ́ tónítóní. Bí fítámì náà bá ti dín kù tipẹ́, ìlà dúdú a fẹ̀, ìpẹ̀kun egungun a jin kòtò bí ife, etí rẹ̀ a sì rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí etí aṣọ tí télọ̀ kò ṣẹ́. Àwòrán lè fi èyí hàn kí ẹsẹ̀ ọmọ tó tẹ̀ bí ọrun, èyí ni oore rẹ̀. Bí dókítà bá sì fi fítámì D àti kálísíọ̀mù kún oògùn ọmọ, tàbí tí ó pààrọ̀ oògùn náà, àwòrán mìíràn lẹ́yìn oṣù díẹ̀ a máa fi hàn pé ìlà náà ti ń padà sí tẹ́ẹ́rẹ́. Egungun ọmọdé kì í di kùnrùngbùn.

Ní Nàìjíríà níhìn-ín, ohun kan tún wà lẹ́yìn èyí. Ìwádìí kan tí ó ti ìlú Jos jáde ní ọdún 1999 fi hàn pé kálísíọ̀mù ni ó wo àwọn ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ títẹ̀ ibẹ̀ sàn, ju fítámì D nìkan lọ. Oúnjẹ wọn ni kò ní in tó. Ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀ àti ẹ̀bà lálẹ́, láìsí wàrà, láìsí ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun-tegungun, tí ó sì tún ń lo phenobarbital, ẹrù méjì ni ó gbé lé egungun kan.

Prednisolone, tí a fi ń tọ́jú àìsàn kíndìnrín àti ikọ́ fée tí ó le, ń ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ó ń dá gígùn dúró, ó sì ń sọ egungun ẹ̀yìn di aláìlágbára. Bí a bá ya ọmọ láti ẹ̀gbẹ́, àwọn egungun ẹ̀yìn tí ó yẹ kí ó tò bí páálí ìṣáná a máa rí bí èyí tí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ọmọ náà sì lè má sọ pé ibì kan ń dun òun. Ẹ̀jẹ̀ tún lè ṣàìdé orí egungun itan mọ́, kí ó sì kú. Ẹ́síreè kì í tètè rí èyí. Ẹ̀rọ MRI, tí ń fi agbára òòfà yàwòrán, ni ó ń rí i ṣáájú. Ṣùgbọ́n àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde náà a máa pa orí egungun itan bẹ́ẹ̀ láìsí oògùn kankan, nítorí náà kí a má ṣe yára dá oògùn lẹ́bi. Ní ti àwọn tí ń ra dexamethasone fún ọmọ tí ara rẹ̀ dá, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè kún, àwa kò mọ orúkọ rere tí a lè fi pe ìwà náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún, egungun dúró.

Síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo àmì ni àmì ibi. Àwọn ọmọ kan wà tí a bí pẹ̀lú egungun tí ń ṣẹ́ bí igi gbígbẹ. Ní ọdún 1998 Glorieux àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Montreal, ní Kánádà, kéde pé pamidronate, tí a ń fà sí iṣan ọmọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a máa mú egungun bẹ́ẹ̀ le. Ìgbàkígbà tí a bá fà á sí ọmọ lára, ìlà funfun kan a máa kù sí egungun rẹ̀, tí orúnkún rẹ̀ yóò fi rí lára àwòrán bí awọ ẹranko abilà. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà yóò ka iye ìgbà tí a ti fún un ní oògùn, yóò sì ti inú àlàfo tí ó wà láàárín ìlà kan àti èkejì mọ bí ọmọ ti gùn tó. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà yóò dẹ́rù ba ìyá lásán.

Kí òbí má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Bí a bá gé oògùn wárápá lójijì, gìrì lè tẹ̀ lé gìrì láìdáwọ́ dúró títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Prednisolone tí ó ti pẹ́ lára a máa mú kí ẹ̀yà kékeré tí ó wà lórí kíndìnrín sùn, nítorí pé oògùn ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Bí a bá gba oògùn kúrò lójijì, ọmọ lè dákú, kí ó má sì jí. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín in kù.

Ohun tí òbí lè ṣe nílé ni pé kí ó fi ẹfun fa ìlà sí ara ògiri níbi tí orí ọmọ dé, ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Láti ọmọ ọdún mẹ́rin títí di ìgbà tí yóò fẹ́ bàlágà, ọmọ a máa ga tó íńṣì 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ lọ́dún. Bí ìlà bá dúró sójú kan, kí a sọ fún dókítà. Òun ni yóò mọ̀ bí ó bá yẹ kí a yàwòrán, nítorí ẹ́síreè kì í ṣe ohun tí a ń ṣe lóṣooṣù bí irun gígẹ̀. Fíìmù tí a bá sì yà, kí a má ṣe jù ú sí abẹ́ ibùsùn kí ọ̀rinrin bà á jẹ́, nítorí ti àtijọ́ ni dókítà yóò gbé sí ẹ̀gbẹ́ ti titun láti mọ ohun tí ó ti yí padà. Kí a kọ ọjọ́ tí a yà á, àti oògùn tí ọmọ ń lò nígbà náà, sí ara àpòòwé rẹ̀.