Bí A Ó Bá Ka Omi, Ẹ Jẹ́ Kí A Kà Á Tán

Nígbàkúùgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú ní Adido, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó máa ń padà wá sí etí wa: pé àwọn àgbẹ̀ wa ń fi omi ṣòfò. Ẹni tí ń sọ ọ́ a mú ìwé lọ́wọ́, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún a sì wà nínú ìwé náà. Ẹni tí a ń sọ ọ́ fún a dákẹ́, nítorí agolo ìbomirin ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe kálámù. Àwa kò fara mọ́ ìdákẹ́ náà mọ́. A kò sọ pé kí a má ka omi. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka omi gbọ́dọ̀ kà á tán, nítorí pé ààbọ̀ ìṣirò a máa gba omi lọ́wọ́ ẹni tí kò jẹ̀bi, a sì máa fi í lé ẹni tí ó ní ẹ̀rọ lọ́wọ́.

Ilẹ̀ Ṣábẹ kì í ṣe aṣálẹ̀. Òjò tí ń rọ̀ síbẹ̀ lọ́dún tó nǹkan bí mìlímítà 1,100. Odò Okpara wà ní ìlà-oòrùn wa, ní ààlà àwa àti Nàìjíríà. Ní ìwọ̀-oòrùn ni odò Wẹ̀mẹ̀, tí ìwé Faransé ń kọ ní Ouémé, tí ó gùn tó kìlómítà 510. Kí ó tó dé abẹ́ afárá Ṣábẹ, ó ti gba àgbàrá ilẹ̀ tí ó ju kìlómítà onígun mẹ́rin 23,000 lọ. Síbẹ̀, bí òjò bá ti dá, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, odò yìí kan náà a fà títí àpáta ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò fi yọ. Abẹ́ ẹsẹ̀ wa pàápàá, òkúta ni. Àwọn òkè ńlá tí àlejò fi ń mọ ìlú wa láti òkèèrè ń sọ irú ilẹ̀ tí a jókòó lé: omi kò lè wọ inú akọ òkúta, inú erùpẹ̀ tí ó bò ó àti inú ojú ibi tí ó ti là nìkan ni omi ń gbé. Ìdí nìyẹn tí kànga wa kì í fi í jìn sí gbígbẹ. Níbi tí omi bá ti rí báyìí, ìṣirò kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Òun ni yóò sọ ẹni tí yóò rí omi fà ní oṣù kẹta ọdún.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà bí wọ́n ti ń ṣe é. Bí omi tí ó ga ní mìlímítà 1 bá bo ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 1, lítà 1 gééré ni. Ká ní ebè tòmátì kan gùn ní mítà 10, ó sì fẹ̀ ní mítà 1.2, ojú rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 12. Ká tún ní tòmátì náà ń fẹ́ mìlímítà 5 lójúmọ́. Lítà 60 ni ebè náà nílò, èyí tí í ṣe agolo mẹ́fà bí agolo kan bá gba lítà 10. Obìnrin tí ó ni ebè náà da agolo mẹ́fà sí i láàárọ̀, ó sì da mẹ́fà sí i nírọ̀lẹ́. Lítà 120 ni ó fà nínú kànga. Ẹni tí ó mú ìwé lọ́wọ́ pín 60 sí 120, ó ní ìdá 50 nínú 100, ó ní ìdajì omi ti ṣòfò. Ìṣirò ti parí lójú tirẹ̀.

Lójú tiwa, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Níbo ni lítà 60 yòókù lọ? Oòrùn fa apá kan nínú rẹ̀ lára ilẹ̀ tí kò sí ohun tí ó bò ó. Ìyẹn lọ nítòótọ́, a kò ní rí i mọ́ títí òjò yóò fi rọ̀. Ṣùgbọ́n apá kejì wọlẹ̀ ṣinṣin, ó sì ń padà lọ sí ọ̀dọ̀ omi tí kànga náà, tàbí kànga aládùúgbò, ti ń mu. Ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ lítà 30. Ohun tí ó kúrò nílẹ̀ Adido lójúmọ́ náà kì í ṣe lítà 120. Lítà 90 ni. Lítà 30 padà sílé. Òfò tí ó wà nínú èyí ni ti apá obìnrin náà, tí ó fa okùn kànga lásán nítorí omi tí yóò tún padà sínú kànga. Òfò gidi ni, àánú rẹ̀ sì ń ṣe wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfò omi.

Nísinsìnyí, wọ́n mú oògùn wá. Wọ́n ní kí a ra rọ́bà tí ń kán omi sí ìdí ohun ọ̀gbìn ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, pé ìdá 90 omi rẹ̀ ni yóò dé ẹnu gbòǹgbò. Àjọ FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀: nǹkan bí ìdá 60 fún omi tí a dà gba ojú ilẹ̀, ìdá 75 fún èyí tí a fọ́n bí òjò, ìdá 90 fún èyí tí ń kán. A kò bá wọn jiyàn. Ebè kan yóò wá nílò nǹkan bí lítà 67 péré dípò 120. Ṣùgbọ́n kí ni àgbẹ̀ yóò fi lítà 53 tí ó kù ṣe? Bí ó bá fi í sílẹ̀ nínú kànga, ọpẹ́ ni. Bí kò bá sì sí ẹni tí ó dá a dúró, yóò la ebè mìíràn, nítorí pé ó ra rọ́bà lówó, ó sì ní ọmọ tí yóò sanwó ilé-ìwé fún. Lítà 120 náà ni yóò tún máa fà, ṣùgbọ́n 108 nínú rẹ̀ ni ohun ọ̀gbìn yóò mu tán. Kò ní ju 12 lọ tí yóò kù láti padà. Ẹ wò ó dáadáa: kí rọ́bà tó dé, lítà 90 ni ń kúrò nílẹ̀, lẹ́yìn tí ó dé, ó di 108. Ìdá inú ìwé gòkè láti 50 dé 90, omi inú kànga sì lọ sílẹ̀. Ẹni tí ó mú ìwé wá yóò padà sílé pẹ̀lú ìyìn. Aládùúgbò ìsàlẹ̀ yóò fi okùn gígùn kún okùn rẹ̀.

A kò hùmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ kan tí Quentin Grafton jẹ́ aṣáájú wọn kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé bí a bá mú kí ìlò omi oko sunwọ̀n sí i láìfi ààlà sí iye tí a lè fà, omi tí ó kù nínú odò àti nínú ilẹ̀ kì í sábà pọ̀ sí i. Ìjọba Mòrókò bẹ̀rẹ̀ ètò Plan Maroc Vert ní 2008, ó sì ń san ìdá 80 sí 100 nínú owó rọ́bà tí ń kán omi fún àwọn àgbẹ̀. Síbẹ̀ omi abẹ́ ilẹ̀ ń lọ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ agbègbè ibẹ̀, nítorí oko ń gbòòrò, irúgbìn tí ń mu omi púpọ̀ sì ń rọ́pò èyí tí kò mu púpọ̀. Ní Íjíbítì, omi tí ó ṣàn kúrò nínú oko tòkè ni oko ìsàlẹ̀ ń lò. Bí a bá pè é ní òfò lókè, a ti pe oúnjẹ ẹlòmíràn ní ìdọ̀tí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa tí ń kọ èdè méjì nínú ìwé ìròyìn yìí gbọ́dọ̀ ṣọ́. Ìwé Faransé a máa sọ pé *perte*, àwa a sì túmọ̀ rẹ̀ kíá sí òfò. Òfò ní èdè wa ni ohun tí ó lọ tí kò ní padà. Omi tí ó padà sínú kànga kò ṣòfò. Ó rìnrìn àjò ni. Bí a bá ti fi ọ̀rọ̀ tí kò bá a mu pè é, a ti dá ẹjọ́ kí a tó gbọ́ ẹnu ẹni tí a fẹ̀sùn kàn.

Òdiwọ̀n kan náà ni kí a sì lò fún ńlá àti kékeré. Oko ìrèké wà ní ilẹ̀ wa, ti ilé-iṣẹ́ ṣúgà tí Benin àti Nàìjíríà da owó pọ̀ láti dá sílẹ̀ láti ẹ̀wádún 1970. A kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìṣirò nìkan ni a fẹ́ fi í ṣe. FAO ní ìrèké ń fẹ́ omi mìlímítà 1,500 sí 2,500 láti ìgbà tí a bá gbìn ín títí di ìgbà ìkórè. Bí òjò bá fún un ní 1,100, tí a sì gbà pé kò sí ẹ̀kán kan tí ó ṣàn lọ, ó kéré tán, ó ku 400. Lórí hẹ́kítà kan, ìyẹn jẹ́ lítà 4,000,000. Bí a bá fọ́n ọn bí òjò ní ìdá 75, tí ó sì gba ojú ọ̀nà omi tí a fi erùpẹ̀ lásán ṣe, tí ìdá 70 péré ń dé òpin rẹ̀, lítà tí a ó fà lódò fún hẹ́kítà kan ju 7,600,000 lọ. Oko ńlá èyíkéyìí tí ó bá bá irú ìṣirò yìí mu ń fà ní ọjọ́ kan ju ohun tí gbogbo agolo Adido lè dà ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé agolo ni a kọ́kọ́ ń kà?

A gbọ́dọ̀ sọ ti ara wa pẹ̀lú, nítorí a kì í fi ẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun. Àwọn àgbà wa kan ní Ọlọ́run ló ni omi, pé ẹnìkan kì í kà á. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n a kò gbà. Ìyá tí ó ń gbé omi láti kànga mọ iye garawa tí ó rù. Òun ti ń kà á kí a tó bí wa. Àwa náà ń bomi rin ewébẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ilẹ̀ ebè wa wà níhòòhò nígbà tí koríko gbígbẹ tí ìbá bò ó ń jóná lẹ́bàá ọ̀nà. Lítà 30 tí oòrùn ń gbà lójúmọ́ lórí ebè kan, ọwọ́ wa ni ó ti ń gbà á. Kò sí ìjọba tí a lè dá lẹ́bi fún ìyẹn.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a ń béèrè. Àkọ́kọ́, ẹni tí ó bá mú ìdá kan wá fún wa gbọ́dọ̀ mú àwọn ìdáhùn rẹ̀ wá pẹ̀lú: omi mélòó ni a fà, mélòó ni ohun ọ̀gbìn mu, mélòó ni oòrùn gbà, mélòó ni ó padà, ibo ni ó sì padà sí. Èkejì, kí a má pín ẹ̀rọ tàbí rọ́bà fún ẹnikẹ́ni kí gbogbo àwọn tí ń mu omi kan náà tó jókòó, kí wọ́n sì fi ẹnu kò lórí iye tí a kò gbọ́dọ̀ fà kọjá. Pẹ̀lú ààlà yẹn, rọ́bà yóò ṣe wá lóore: ebè kan náà yóò gba lítà 67, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ tí yóò kúrò nílẹ̀, dípò 90. Láìsí i, ọ̀fìn ni a fi owó gbẹ́. Ẹ̀kẹta, Benin ti ní òfin omi láti ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2010, òfin 2010-44. Bí òfin bá wà fún omi, kí iye omi tí oko ńlá àti oko kékeré ń fà wà ní gbangba ọjà, ní Yorùbá àti ní Faransé, kí ẹni tí ń ta ata lè kà á. Ẹ̀kẹrin, kí àwa fúnra wa bo ilẹ̀ ebè wa, kí a máa bomi rin ín nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀, kí a sì máa kọ iye agolo sílẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé àlejò nìkan ni ó ní ìwé lọ́wọ́.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ìṣirò tí ó bá gbàgbé ibi tí omi ń padà sí, òun ni yóò gbẹ kànga. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀ kò sì jìnnà mọ́.