Àga Tí Yóò Gbé Àpótí Ẹja

Àpótí gíláàsì tí àwọn ọmọ fi ń sin ẹja wẹẹrẹ kì í ṣe ohun tí à ń gbé lé àgakága. Èyí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 2, tó fẹ̀ ní 1, tó ga ní 1, bí omi bá kún un, omi nìkan tó kìlò 56. Ó ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ! Ọmọ sì fẹ́ràn àtifara tì í.

Ìrókò gbígbẹ ni kí káfíńtà lò. Kí ó gbé igi òkè lé orí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gan-an. Bó bá kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, ìṣó ni yóò máa gbẹ́rù. Kí ó dábùú igi kan sẹ́yìn láti igun dé igun.

Kí a tó bu omi, kí bàbá ilé jókòó lé àga náà, kí ó mira díẹ̀. Tiwa dún kẹ̀ẹ́kẹ̀ẹ́. Ọjọ́ náà ni mo dá a padà fún káfíńtà.