ORÚKỌ BÀBÁ MI KÌ Í ṢE ÀṢÌṢE

Lóṣù yìí n ò kọ ewì. Inú ló ń bí mi.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Àfìn, ètò kọ̀ǹpútà ló máa ń kọ. Tí a bá jọ wọkọ̀ láti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà, ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ títí a ó fi sọ̀ kalẹ̀: iná tó lọ nígbà tí kò tíì fi iṣẹ́ pamọ́, kọ́mà kan ṣoṣo tó wá di òru, oníbàárà tó jẹ ẹ́ lówó. Ká má purọ́, mo fẹ́ràn ìròyìn yẹn. Ẹni tó ń wá kọ́mà di òru, ìyàtọ̀ wo ló wà láàrin òun àti akéwì?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ níbì kan, n ò ní dárúkọ wọn. Mo tẹ orúkọ bàbá mi bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kíláàsì, pẹ̀lú àmì ohùn àti dọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Fọ́ọ̀mù ní àṣìṣe ni, lẹ́tà nìkan lòun ń gbà. Kí wá ni Ọ̀? Àkàrà ni? Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n. Ó ní, "Àbúrò, yọ gbogbo dọ́ọ̀tì yẹn kúrò jàre. Yorùbá ló le jù fún kọ̀ǹpútà."

Irọ́ ni! Láti 1991 ni Unicode ti jáde, ìlànà tí kọ̀ǹpútà káàkiri ayé fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà. Ẹ, Ọ àti Ṣ ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ẹ àti Ọ, àwọn ará Vietnam náà ń lò wọ́n. Lẹ́tà tiwọn tó ru àmì méjì ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ọ́ tiwa kò ní, àmì ohùn ló ń tẹ̀ lé Ọ lẹ́yìn, ó wá di méjì. Kò burú, kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n kà. Ẹni tó kọ "A dé Z nìkan" sínú fọ́ọ̀mù ló jẹ̀bi. Ẹ yọ àmì kúrò lára ọ̀lẹ àti olè, ole ni méjèèjì. Ta ni ká wá mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá?

Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà, ẹ gbọ́. Ẹnì kan lè tẹ o, kó fi dọ́ọ̀tì sí i, kó tó fi àmì ohùn lé e. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ. Lójú, ọ̀kan náà ni. Ẹ wá èkíní, èkejì ò ní jáde. NFC ló ń sọ wọ́n dọ̀kan, ìlà kan péré nínú kóòdù yín! Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fa ìlà sábẹ́ o dípò dọ́ọ̀tì, NFC ò ní bá yín tún un ṣe, ọwọ́ yín ló kù sí.

Ní 2015, Kọ́lá Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí YorubaName, atúmọ̀ orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, tàmì-tàmì. Àbí kọ̀ǹpútà tiwọn yàtọ̀ ni?

Ẹ lè ní àwa Yorùbá fúnra wa kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, ó sì ń tì mí lójú. Bíró la fi fi àmì sí ojú ìwé yìí kó tó dé ọ̀dọ̀ onífótókọ́pì.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún parí fọ́ọ̀mù, orúkọ màmá yín ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ sí i. Bó bá ní àṣìṣe ni wọ́n, ẹ pè mí.