Ewé Akíntọ́lá: Kí ni yóò jẹ kòkòrò tí a fẹ́ kó wọlé?

Ní oko bàbá mi, ewé Akíntọ́lá la máa ń kọ́kọ́ bá jà ká tó kan iṣu. Ẹ ṣán an lónìí, kò ní pẹ́ tó fi tún bo ẹ̀gẹ́ mọ́lẹ̀. Lóòótọ́, à ń fún oje rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, ṣùgbọ́n inú igbó rẹ̀ náà ni tata tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ wa ń kó sí.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Àwọn kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ níbẹ̀ kò bá a wá, ló bá di ọba síbí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó àfòpiná kan, Pareuchaetes pseudoinsulata, wọ Nàìjíríà láàárín ọdún 1970 sí 1979, kí ọmọ rẹ̀ lè máa jẹ ewé náà. Àfòpiná yẹn ò rọ́wọ́ mú. Lára ohun tí àwọn onímọ̀ tọ́ka sí ni èèrà àti àwọn ẹ̀dá mìíràn tó ń jẹ ẹyin àti ọmọ rẹ̀. A rán ọmọ ogun, a rán an sẹ́nu ọ̀tá.

Gánà náà gbìyànjú nígbà yẹn, ó já sí pàbó. Ṣùgbọ́n láti 1991, wọ́n sin kòkòrò náà ní ọ̀pọ̀ yanturu kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Èèrà jẹ, ó ṣẹ́kù. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fìdí múlẹ̀. Ní Indonéṣíà, eṣinṣin Cecidochares connexa ni wọ́n lò. Inú igi ewé náà gan-an ni ọmọ rẹ̀ ń gbé, níbi tí ọwọ́ èèrà ò ti fi bẹ́ẹ̀ tó o.

Ẹlòmíì á ní ká kúkú fi oògùn pa èèrà. Oògùn wo ló máa pa èèrà, táá dá ọmọ àfòpiná sí?

Òfin ni mo kà, mi ò kọ́ ẹ̀kọ́ kòkòrò. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tó bá mú ẹjọ́ wá sí kóòtù ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ láti kó kòkòrò wọlé, a máa ń bi í pé: ṣé kò ní jẹ irè oko wa? Ìbéèrè tó dáa ni. Ẹ jẹ́ ká fi ìkejì kún un: kí ni yóò jẹ òun fúnra rẹ̀? Kó dáhùn kí owó ìlú tó jáde, kí owó náà má sì tán lọ́jọ́ tí wọ́n bá ya fọ́tò ìfilọ́lẹ̀.

Àgbẹ̀ ò lè máa ṣán igbó kan náà títí ayé.